Ọjọ́ Tí Evariste Fi Gbogbo Ìlú Sórí Ibùsùn

Bí ẹ bá dé Vaubrugeac lónìí tí ẹ béèrè irú ènìyàn tí olóògbé Evariste Lachaud jẹ́, ìwé ìwádìí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà fún yín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sórí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìlú wa, òun nìkan, pẹ̀lú fìlà ẹ̀ṣọ́ kan àti kẹ̀kẹ́ kan tí bíréèkì rẹ̀ kì í mú. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìwé kan ṣoṣo ló kọ tó ju ojú ewé kan lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá, mẹ́tàlélógójì nínú àwọn àgbàlagbà Vaubrugeac ló wà lórí ibùsùn.

Alága ìlú wa nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Ribeyrol, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Evariste, ṣé àìsàn kan ló wọ̀lú ni?"

"Rárá o, Alága. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ."

"Firmin káfíńtà náà? Mo rí i lọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń..." Alága fọwọ́ bo ẹnu.

Evariste rọra dé fìlà rẹ̀. Bí ó bá ti dé fìlà yẹn, kò mọ àgbà mọ́. Fádà pàápàá, "ìwọ" ló máa pè é. Bí ó bá ṣí i, ọ̀wọ̀ á padà dé, á sì di "ẹ̀yin".

"O rí i lọ́nà? Ọ̀nà wo nìyẹn?"

Alága wo àjà, ó wo fèrèsé, ó wo bàtà ara rẹ̀ tí ẹrẹ̀ igbó ṣì wà lára rẹ̀.

"Ó jọ pé ọjọ́ mìíràn ni. Èmi náà wà lórí ibùsùn."

Evariste fa igi lé mẹ́tàlélógójì, ó kọ mẹ́rìnlélógójì.

Kì í ṣe pé Evariste gọ̀. Ọkùnrin tó lè jókòó sórí òkúta ààlà ọjọ́ mẹ́ta kò gọ̀. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ló ń jà sí òkúta náà. Ẹ̀gbọ́n á sún un síhìn-ín, àbúrò á sún un sọ́hùn-ún. Evariste lọ jókòó lé e lórí láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sún un, kí wọ́n sún òun mọ́ ọn. Wọ́n ní láti máa gbé oúnjẹ lọ fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n gbé ọbẹ̀ dé, àbúrò gbé búrẹ́dì dé, Evariste sì ní òun kò lè jẹ ọbẹ̀ láìsí búrẹ́dì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹun lórí ààlà náà, ìjà sì parí síbẹ̀.

Nígbà kan, wọ́n jí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tí Fádà gbé kọ́ sínú yàrá ìdáná rẹ̀. Evariste dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó ń gbóòórùn ẹnu gbogbo ẹni tó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó èèyàn mẹ́jọ tí ẹnu wọn ń rùn fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ẹran ilé oníkálùkù sì ni wọ́n jẹ. Ológbò Fádà ló jí tirẹ̀. Evariste kọ orúkọ ológbò náà sínú ìwé, ó ní kí Fádà tẹ̀ka fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo wa sórí ibùsùn, ìyẹn le ju ti ológbò lọ.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, lápá òsì, ère Róòkù Mímọ́ wà níbẹ̀, ajá onígi kan sì jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ó pẹ́ tí ajá náà ti wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ń dán torí gbogbo wa la ti fọwọ́ pa á láti kékeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Fádà Bourdelas wọlé láti gbàdúrà, ó rí Róòkù Mímọ́, kò rí ajá.

Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ni ṣọ́ọ̀ṣì ní. Ọ̀kan wà lára ìṣó nínú yàrá ìdáná Fádà. Zélie tó ń se oúnjẹ fún Fádà búra pé òun kò fọwọ́ kàn án, pé orúnkún ń dun òun lọ́jọ́ náà, orí ibùsùn lòun wà. Ìkejì wà lọ́wọ́ Odilon Peyrat, alágogo. Ẹnìkan tó lọ gbàdúrà ní agogo méje rí ajá náà níbi tó wà, ó sì fa ilẹ̀kùn dè nígbà tó jáde, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé bí a bá ti fà á dè, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Obìnrin tó mú òdòdó wá ní agogo mẹ́sàn-án kò lè wọlé, ó yọjú láti fèrèsé, kò rí i. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló jí i láàárín wákàtí méjì yẹn. Ohun tí gbogbo wa sọ nìyẹn.

Odilon kì í ṣe olè. A mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Evariste bi í ní ibi tó wà ní agogo mẹ́jọ, ó ní òun wà lórí ibùsùn. Evariste lọ bi ìyàwó rẹ̀, Léontine. Léontine ní òun ló wà lórí ibùsùn, Odilon kò sí níbẹ̀.

"Odilon," ni Evariste wí, "ibùsùn mélòó lẹ ní?"

"Ọ̀kan, Bàbá."

"Nígbà náà, níbo lo wà?"

"Mo jáde. Mo lọ gba afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ibo?"

"Ti ìta."

Ẹni tí kò bá ti ìlú wa wá lè má mọ ìdí tí ọkùnrin olóòótọ́ kan fi máa dáhùn báyìí. Olú ni. Ní oṣù kẹwàá, bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì tí oòrùn sì tẹ̀lé e, olú ńlá a máa hù nínú igbó óákù wa, èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. Oníkálùkù ló ní ojú olú tirẹ̀, ibi tí ìyá rẹ̀ fi hàn án, tí ìyá ìyá rẹ̀ sì fi han ìyá rẹ̀. A lè yá ara wa ní ẹṣin. A lè yá ara wa ní aṣọ ìgbéyàwó. Ojú olú, ọkọ kì í fi han aya. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó gbé agbọ̀n lẹ́bàá igbó, afẹ́fẹ́ ló ń gbà, ẹ̀yin náà ń gba afẹ́fẹ́, ẹ kò sì ríra yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, olú hù bí èyí tí a kò rí rí. Kò sẹ́ni tó kù nílé ní Vaubrugeac àyàfi ológbò Fádà.

Nítorí náà ni orí gbogbo wa ṣe dàrú. A mọ̀ pé irọ́ la pa. A mọ̀ pé aládùúgbò wa náà purọ́. A kò kàn mọ èyí tó jẹ́ irọ́ olú àti èyí tó jẹ́ irọ́ olè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun rí lágbájá níbì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí òun náà dúró sí. Ẹnu gbogbo wa wúwo.

Alága àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó, wọ́n ní ilé kékeré tí Odilon ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìlú ni, alágogo tí ìlú fọkàn tán ni a sì ń fi sínú rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ tí Odilon kò tíì sọ ibi tó wà, kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ó sì kó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà ni pé Evariste mọ̀ dájú pé Odilon kò jí ajá. Ojú rẹ̀ ló fi rí i. Ní agogo mẹ́jọ gééré àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Evariste kúnlẹ̀ nínú ojú olú ìyá rẹ̀, tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ìrìn wákàtí kan ààbọ̀, ó bojú wolẹ̀, ó rí Odilon tó ń gba ìsàlẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbọ̀n. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ mọ ìyá Evariste. Obìnrin náà fi ojú olú yẹn hàn án lẹ́yìn tó ti fi aṣọ di í lójú lọ tó sì tún fi aṣọ di í lójú bọ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni lọ́jọ́ náà. Ó mú un búra lórí orí bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ọkùnrin yìí wá gbogbo ọ̀nà láti gba Odilon là, àyàfi ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú kí ẹnikẹ́ni má bàa ba ẹ̀rí jẹ́. Ó fi okùn wọn ajá náà láti orí ohun tí a rántí. Firmin ní ó tó báyìí, Fádà ní ó tó báyìí, ajá náà sì tóbi ju Róòkù Mímọ́ lọ nígbà tí wọ́n parí. Ó bi Fádà bóyá kò ṣeé ṣe kí ajá náà lọ fúnra rẹ̀.

"Evariste, igi ni," ni Fádà wí.

"Mo mọ̀, Fádà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ìyanu ń ṣẹlẹ̀."

 Fádà ní òun á ronú sí i.

Ó pe Odilon lójoojúmọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó tilẹ̀ ṣí fìlà.

"Odilon, ọmọ mi, sọ ibi tí o wà. Kò sẹ́ni tó máa gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ wà lágogo mẹ́jọ?"

Evariste dé fìlà padà. "Èmi ni mò ń béèrè."

Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàyéfì. Kí ló dé tí Evariste ń gbèjà Odilon báyìí láìsí ìdí? Àwọn kan ní ó ti gba olú lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní òun gan-an ló gbé ajá. Obìnrin kan ní Róòkù Mímọ́ ló lé ajá lọ torí irọ́ ìlú ti pọ̀ jù, ìyẹn sì ni èyí tó bọ́gbọ́n mu jù lọ nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, Léontine wá bá a ní ilé rẹ̀. Ìyàwó Evariste ti kú, ó ń dá ọbẹ̀ rẹ̀ mu nígbà tí Léontine wọlé. Obìnrin náà kò jókòó.

"Bàbá Evariste, mo ti ń di ìkòkò."

"Má tíì dì í, Léontine."

"Ọdún mọ́kàndínlógún la ti wà nínú ilé yẹn. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Mo mọ ibi tí olórí kunkun yẹn lọ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan kọ́, gbogbo yín lẹ mọ̀. Igbó ló lọ. Bí mo bá ní kó sọ ọ́, á kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bàbá. Ẹ̀yin ni àgbà. Ibo lẹ fẹ́ ká kó lọ?"

 Ọbẹ̀ rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀, kò sì mu ún mọ́.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, lọ́wọ́ ọ̀sán, gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Odilon gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì níwájú Alága. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Alága ń nawọ́ láti mú un nígbà tí Evariste wọlé, fìlà lórí.

"Má tíì mú kọ́kọ́rọ́ yẹn, Ribeyrol. Ẹlẹ́rìí kan ṣẹ́kù."

"Ta ni?"

"Evariste Lachaud."

A wo ara wa. Evariste fa àga kan sí àárín, ó pe orúkọ ara rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta bí òfin ṣe wí. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ jókòó sórí àga.

"Èmi rèé, ọ̀gá."

Ó dìde, ó dé fìlà. "Níbo lo wà lágogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

Ó ṣí i, ó jókòó. "Mo wà lórí ibùsùn, ọ̀gá."

Ó dìde, ó dé e. "Irọ́ lò ń pa. Èèyàn márùndínláàádọ́ta kò lè sùn lórí irọ́ kan."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ìyá mi mú mi búra."

Ẹ̀rín dá. Ó dìde, ó dé fìlà.

"Ìyá rẹ ti sinmi. Obìnrin tó ń di ìkòkò wà láàyè. Sọ ọ́."

Ó jókòó fún ìgbà ìkẹyìn. Ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Mo wà ní Combe-Noire, lókè odò, lẹ́yìn òkúta méjì tó fara ti ara wọn. Igi óákù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, abẹ́ èyí tí àrá là ni mo kúnlẹ̀ sí. Ojú olú ìyá mi ni. Bí aago àpò mi ṣe lu mẹ́jọ gééré ni Odilon gba ìsàlẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí. Kò lè jí ajá."

 Ká ní ó bọ́ra sí ìhòòhò níwájú wa, ojú kò lè tì wá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹkún lẹ́yìn. Zélie ni.

"Èmi ni, Fádà. Kòkòrò ti jẹ ìrù ajá yẹn. Mo gbé e sínú agbọ̀n kí n lè gbé e fún Firmin kó tún un ṣe, kí n sì ti ibẹ̀ kọjá lọ... kí n lọ gba afẹ́fẹ́. Mo pàdé Firmin lẹ́bàá igbó. Mo gbé e fún un níbẹ̀. A ní a kò ríra wa."

"Mo ti tún ìrù ṣe láti ọ̀sẹ̀ kejì," ni Firmin wí, ó ń wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ dá a padà láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ṣùgbọ́n Evariste jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ̀rù ń ba Zélie láti mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mi ò ríbi wọlé."

Evariste wò ó títí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí olè má bàa dá ẹrù padà.

Alága ti kọ́kọ́rọ́ padà sọ́dọ̀ Odilon. Ó tún béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tó fẹ́ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà gbọ̀ngàn, Alága pàápàá.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, olú hù. Kò sẹ́ni tó lọ sí Combe-Noire. A kò bára wa sọ ọ́, a kàn ṣáà ń gba ọ̀nà mìíràn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà. Evariste dé ibẹ̀, ó bá olú rẹ̀ pé pérépéré. Inú bí i. Ó wọ ilé ọtí, ó ṣí fìlà, ó ní kí la rí lára ojú olú ìyá òun tí kò dára tó láti jí. Ọdọọdún ló máa ń bínú báyìí. Ó ní ẹ̀gàn ni.

Ọdún kọkànlá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ajá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ún. Léontine ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, Odilon sì ń jókòó tì í. Léontine ló sọ èyí fún wa. Ní ọ̀sán kan, Evariste yí ojú síhà Odilon.

"Odilon."

"Bàbá."

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo rí ẹ tí ò ń kọjá. Mi ò mọ ibi tí ò ń lọ títí dòní. Ó ń yọ mí lẹ́nu."

Odilon wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Léontine, ìyàwó tó ti fẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì sọ ọ́ fún un rí. Léontine gbé korobá, ó ní òun ń lọ pọn omi. Korobá náà sì ti kún tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń fa ilẹ̀kùn dè, ó rí ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó fi ẹnu sí etí Bàbá.

Ó ní ẹ̀rín ni òun gbọ́ láti ìta, ẹ̀rín títí ó fi di ikọ́. "Ibẹ̀ yẹn náà ni? Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́."

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò sí i. Ìròyìn sì ti tàn. Gbogbo ìlú ló wá kí i láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, pẹ̀lú ọbẹ̀, pẹ̀lú wáìnì, pẹ̀lú àkàrà dídùn, oníkálùkù sì ń rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí láti béèrè ohun tí Odilon sọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ lọ́wọ́ òfo. Ó sọ fún Alága pé ẹ̀yìn ọlọ àtijọ́ ni. Ó sọ fún Firmin pé abẹ́ afárá ni. Ó sọ fún Zélie, ó sọ fún Fádà. Ó sọ fún èmi náà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú òkúta tó wà lójú ọ̀nà òkè ni. Ó ṣí fìlà kó tó sọ ọ́, "ẹ̀yin" ló sì pè mí.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, a ti sin ín, gbogbo wa sì gbé agbọ̀n jáde. Ẹnì kan kò rí olú kan. A ń pàdé ara wa lójú ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo, a ń kíra wa, a ní afẹ́fẹ́ dára lónìí.

Mo ṣì ń lọ síbi àgbélébùú yẹn lọ́dọọdún. Òkúta ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, olú kan kò lè hù níbẹ̀ láé. Mo máa ń jókòó díẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, àárò rẹ̀ a sì máa sọ mí. Irọ́ ló pa fún mi. Ó fara balẹ̀ yàn án fún èmi nìkan, lórí ibùsùn ikú rẹ̀, inú mi sì dùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.